Aago Ọkọ̀ Alhaji Kàdírì

Bàlíkíìsì ní òfin kan tí kì í rú: kó tó fọwọ́ kan ohunkóhun nínú ọkọ̀, bátìrì ni yóò kọ́kọ́ já. Lọ́jọ́ yìí, kò sí bátìrì tí yóò já. Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí ọkọ̀ Faransé àtijọ́ náà ti jókòó sábẹ́ igi dóńgóyárò nínú àgbàlá ilé Alhaji Kàdírì ní Dapoya, àdúgbò kan ní Ouagadougou, ibi tó yẹ kí bátìrì wà sì ti di ilé aláǹgbá. Iná kankan kò sí nínú ọkọ̀ náà rárá. Síbẹ̀, nígbà tó ki ọwọ́ sẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù láti wá ìdè tó mú aago dání, aago náà gbóná sí i lọ́wọ́. Kì í ṣe gbígbóná oòrùn. Ooru oòrùn máa ń ti òde wọlé ni. Gíláàsì ojú aago náà tutù, irin tó yí i ká tutù, ikùn rẹ̀ nìkan ló lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ẹyin tí adìyẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí rẹ̀.

Ó fa ọwọ́ yọ. Ó wò ó, ó nù ún mọ́ ṣòkòtò iṣẹ́, ó tún ti ọwọ́ bọ ibẹ̀.

"Ṣé ó bù ọ́ jẹ ni?" Màmá Nimotalahi bi í láti orí ẹní tó ti ń ṣa ẹ̀wà. Òun ni opó Alhaji Kàdírì, òun ló sì ni ọkọ̀ náà báyìí.

"Rárá o, Màmá. Ooru lásán ni."

"Ooru Ouaga kì í ṣe lásán. Rọra tú u o. Aago yẹn dàgbà jù ọ́ lọ."

Òótọ́ ni. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni Bàlíkíìsì. Tampouy ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ náà ló ní ṣọ́ọ̀bù sí. Àwọn tó ti Nàìjíríà dé ń pè é ní rìwáyà, àwọn ọmọ ìlú ń pè é ní électricienne, àwọn tí kò gbà pé obìnrin lè ṣe iná ọkọ̀ kì í pè é ní nǹkan kan, títí ọkọ̀ wọn yóò fi kú sójú ọ̀nà Ouahigouya.

Fawziyyah, ọmọ kan ṣoṣo tí Màmá bí, ló wà nídìí ọ̀rọ̀ aago náà. Oyún kẹta ló wà nínú rẹ̀, ó ku nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Lórí oyún àkọ́kọ́, moto, ìyẹn alùpùpù, ni wọ́n fi gbé e lọ sí ilé ìgbẹ̀bí. Lórí ìkejì, takisí ni, takisí náà sì kú síwájú ọjà. Ọmọ méjèèjì dáyé láì ké. Lẹ́ẹ̀kejì yẹn, agbẹ̀bí bi wọ́n pé láti aago mélòó ni ìrọbí ti bẹ̀rẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ̀, iná ti tán nínú tẹlifóònù. Láti ọjọ́ náà ni Màmá ti búra pé ọmọ kẹta, ọkọ̀ bàbá rẹ̀ àgbà ni yóò gbé e lọ, aago yóò sì wà nínú ọkọ̀ náà, yóò sì máa ṣiṣẹ́. Idrissa, ọkọ Fawziyyah, awakọ̀ àjàgbé ni lójú ọ̀nà Lomé. Kì í sábà sí nílé.

"Maman, tẹlifóònù wà," Fawziyyah wí. Ó na ẹsẹ̀ lórí àga, ó gbé ife omi lé orí ikùn bí ẹni gbé e lé tábìlì.

"Ó wà lọ́jọ́sí náà. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún bi mí ní aago mélòó kí n máa wo ojú ọ̀run."

Mẹkáníìkì ti wá fi bátìrì tirẹ̀ jí ẹ́ńjìnnì dìde, ó sì ti gbé bátìrì náà lọ. Iṣẹ́ iná ló kù. Bàlíkíìsì tú ìdè méjì tó wà lẹ́yìn aago, ó yọ gílóòbù kékeré tó ń tànmọ́lẹ̀ sí i, ó fà á jáde. Ohun tó rí mú kó dúró díẹ̀. Wáyà tó ń gbé iná wá fún aago kò jó, eku kò jẹ ẹ́. Wọ́n fi ẹ̀mú gé e ni, gígé tó mọ́, wọ́n sì fi aṣọ funfun di orí rẹ̀ méjèèjì, wọ́n ta òwú mọ́ ọn ṣinṣin, bí ìgbà tí wọ́n di ìwọ́ ọmọ.

"Màmá, ta ló ti ṣiṣẹ́ níbí rí?"

"Kò sí. Ẹni tó ni ín kì í jẹ́ kí ọwọ́ ẹlòmíràn kàn án."

Ó gbé aago náà lọ sí Tampouy, ó sì tú u sórí tábìlì. Irú aago bẹ́ẹ̀, ẹnu irin tóńtó méjì ló wà nínú rẹ̀. Ní ìṣẹ́jú méjì-méjì, ẹnu méjèèjì á kanra, iná á gba ibẹ̀ kọjá, á ta sípírìnì, "kọ̀!", wọn á sì yà. Bí wọn kò bá yà, ìyẹn ni àrùn wọn: aago á máa mu iná ṣáá bí ọ̀mùtí, á sì pa bátìrì. Bàlíkíìsì fi yanrìn pépà ra ẹnu méjèèjì, ó fẹ́ eruku kúrò, ó fi wáyà kan bátìrì. Kọ̀! Ara rẹ̀ yá. Ó wo tẹlifóònù, ó yí aago sí mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ó lọ mu omi. Nígbà tó dé, aago wà ní márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú méjìlá.

Ó yí i padà. Ó jókòó tì í, ó ń wò ó. Ẹnìkan kí i láti ojú títì, ó gbójú sókè láti dáhùn, ó tún wo ilẹ̀: wákàtí kan gééré ló fi ṣáájú. Kò rí i kí ọwọ́ aago náà rìn. Ó kàn ti wà níbẹ̀ ni, bí àgbàlagbà tí wọ́n gbé kúrò lórí àga rẹ̀ tó tún rọra padà síbẹ̀.

Nígbà tó ròyìn fún Màmá, obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú rẹ̀.

"Aago ilé ni! Aago ilé ni Alhaji gbé sínú ẹ̀. Ìyá wọn wà ní Ìwó nígbà náà, wọ́n fẹ́ máa mọ ìgbà tí ìyá ń jí kírun. Ṣé o ò mọ̀ pé ilé fi wákàtí kan ṣáájú wa ni?"

Ta ni kò mọ̀? Kò sí ilé Yorùbá kan ní Ouaga tí kò ní aago méjì, ọ̀kan fún ibí, ọ̀kan fún ilé. Aago ara ògiri ìyá Bàlíkíìsì gan-an, ti ilé ni. Inú aago méjì yẹn ni wọ́n tọ́ ọ dàgbà. Bí ọmọ ìran mìíràn bá rí aago tó ń sáré fi wákàtí kan ṣáájú, ó lè jù ú nù. Bàlíkíìsì rẹ́rìn-ín pẹ̀lú Màmá, ó so wáyà pọ̀, ó dá aago padà sójú rẹ̀, ó gbé bátìrì àlòkù kan láti ṣọ́ọ̀bù wá sínú ọkọ̀. Ó ní aago tó mọ ilé kò ṣe ẹnikẹ́ni ní ibi.

Ọjọ́ yẹn náà, nígbà tó jókòó sínú ọkọ̀ tó ti ilẹ̀kùn, ó gbọ́ òjò lórí òrùlé rẹ̀. Òjò ńlá. Ó gbọ́ bó ṣe ń ṣàn lára gíláàsì, ó sì gbóòórùn ilẹ̀ tútù. Ó ṣílẹ̀kùn pé kóun sáré kó irinṣẹ́ òun. Oòrùn lù ú lójú. Eruku ló wà nílẹ̀, ewúrẹ́ kan sì ń wò ó bí ẹni pé òun ló ya wèrè.

Òjò máńgòrò, èyí tó máa ń yọjú lákòókò ẹ̀ẹ̀rùn, rọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Bàlíkíìsì kò ka iye wákàtí tó wà láàárín méjèèjì.

Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀wà ni.

"Màmá, ẹ̀wà yín ń jóná o!" Ó yọrí láti ojú fèrèsé ọkọ̀.

"Ẹ̀wà wo?" Màmá gbé ìkòkò sókè, ó dorí rẹ̀ kodò. Òfìfo ni. "Mi ò tíì dáná, ọmọ yìí. Ṣé ebi ló ń fi imú rẹ ṣeré ni?"

Wákàtí kan lẹ́yìn náà, Idrissa pè láti ojú ọ̀nà Lomé. Ìyàwó ń já tẹlifóònù gbà, ìyá ìyàwó ń já a padà, àwọn méjèèjì ń kí i lẹ́ẹ̀kan náà, èéfín sì bo gbogbo àgbàlá. Ẹ̀wà ti di èédú.

"Ẹnu ẹ ni!" Màmá na ṣíbí sí Bàlíkíìsì. "Ẹnu ẹ ló jó ẹ̀wà mi!"

Fawziyyah di ikùn mú, ó ń rẹ́rìn-ín. Bàlíkíìsì kò rẹ́rìn-ín. Òórùn kan náà ni. Kíkorò kan náà, tó ní alùbọ́sà nínú. Ó wo àkókò lórí tẹlifóònù rẹ̀, wákàtí kan gééré ti kọjá, ó rántí òjò àná.

Ó jókòó ti Màmá, ó bá a fọ ìkòkò. Nígbà tó yá, ó bi í, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ lásán ni: "Màmá, ṣé Alhaji máa ń pẹ́ lóde?"

"Alhaji? Pẹ́?" Màmá pòṣé. "Ó-ti-dé ni wọ́n ń pè wọ́n lọ́jà. Bí ọkọ̀ ẹrù bá máa kú lọ́nà, Alhaji á ti ki irinṣẹ́ sẹ́yìn ọkọ̀ kí wọ́n tó pè wọ́n. Lọ́jọ́ tí èyí jábọ́ lórí igi nígbà tó wà lọ́mọdé," ó nawọ́ sí Fawziyyah, "bàbá rẹ̀ ti tẹ́ tìmùtìmù sábẹ́ igi. Mo ní, Alhaji, kí lẹ ń sá sóòrùn? Wọ́n ní tìmùtìmù ni."

"Papa mọ̀ mí ni," Fawziyyah wí.

"Wọ́n mọ̀ ẹ́ lóòótọ́." Ìkòkò dúró lọ́wọ́ Màmá. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Lọ́jọ́ tí wọ́n máa kú, ara wọn le. Wọ́n jókòó sínú ọkọ̀ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe láràárọ̀. Nígbà tí wọ́n jáde, wọ́n ní kí n fún àwọn ní ẹ̀mú. Wọ́n fi ọwọ́ ara wọn yọ bátìrì. Wọ́n wẹ̀, wọ́n wọ jálàbíà funfun, wọ́n ní kí n wá jókòó ti àwọn. Mo ní, níbo lẹ̀ ń lọ? Wọ́n ní kò jìnnà. Wákàtí kan kò pé sígbà náà tí wọ́n fi kú."

Aláǹgbá kan sá gba orí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ kọjá.

Bàlíkíìsì mọ ohun tí Alhaji gbọ́ nínú ọkọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Igbe ọ̀fọ̀ ilé ara rẹ̀ ni. Nítorí náà ló ṣe gé wáyà, tó fi aṣọ funfun dì í bí ẹni di òkú, kí ìyàwó àti ọmọ má baà jókòó síbẹ̀ gbọ́ tiwọn lọ́jọ́ kan.

Ó gbé ẹ̀mú, ó lọ sídìí wáyà náà. Ó ti fi ẹnu ẹ̀mú há a, ó kù kó tẹ̀ ẹ́. Ó wá rò ó pé ohun tó lè sọ ti òjò, tó lè sọ ti ẹ̀wà, bóyá yóò sọ ti ọmọ tó ń bọ̀. Ta ni kò ní fẹ́ gbọ́ ẹkún ọmọ náà kó tó dé? Ó dá ẹ̀mú padà sínú àpò. Kò sọ fún ẹnì kankan.

Ọ̀sẹ̀ kan kọjá. Lọ́jọ́ Alàmísì, ó wá wo iná ẹ̀yìn ọkọ̀ tí kò tàn dáadáa. Aago kan kọjá ogójì ìṣẹ́jú ni lórí tẹlifóònù rẹ̀; méjì kọjá ogójì ni lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Fawziyyah ń jẹ máńgòrò lábẹ́ igi. Màmá ń yọ òkúta nínú ìrẹsì. Bàlíkíìsì wọlé, ó ti ilẹ̀kùn nítorí eruku.

Ohun tó kọ́kọ́ gbọ́ ni èémí. Ẹnìkan ń mí lẹ́yìn rẹ̀, lórí àga ẹ̀yìn tó ṣófo, èémí ẹni tó ń ru ohun tó wúwo. Lẹ́yìn náà, igbe Fawziyyah. Lẹ́yìn náà, kọ́kọ́rọ́: kẹ̀, kẹ̀, kẹ̀. Ìró bátìrì tó ti kú ni, ó mọ̀ ọ́n bó ṣe mọ orúkọ ara rẹ̀. Ó gbọ́ obìnrin kan tó ń bẹ ọkọ̀ náà, "Ṣiṣẹ́, jọ̀ọ́, ṣiṣẹ́, mo bẹ̀ ẹ́," tó ń sunkún, ó sì pẹ́ díẹ̀ kó tó mọ̀ pé ohùn òun fúnra òun ni.

Kẹ̀. Kẹ̀.

Gbogbo rẹ̀ wá dákẹ́. Nínú ìdákẹ́jẹ́ náà, ohùn Màmá, jẹ́ẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú mọ́ṣáláṣí: "Kò ké. Bàlíkíìsì, kò ké."

Ó jáde. Lábẹ́ igi, Fawziyyah ń lá omi máńgòrò ní ìgúnpá.

Ó bẹ̀rẹ̀ ti Màmá, ó sọ ọ́ sí i létí. "Màmá, mo gbọ́ ohùn yín nínú ọkọ̀."

"Èmi tí mo jókòó síbí?"

"Kì í ṣe aago ilé, Màmá. Alhaji kò gbé aago ilé kankan sínú ọkọ̀ yẹn. Wákàtí tó ń bọ̀ ló ń sọ."

Ọwọ́ Màmá dúró nínú ìrẹsì. Obìnrin tó bá Ó-ti-dé gbé fún ọgbọ̀n ọdún kò béèrè ẹ̀rí. Ohun tó béèrè ni: "Kí ni mo sọ?"

"Ẹ ní kò ké."

Màmá dìde. Ìrẹsì dànù. "Fawziyyah! Dìde, à ń lọ sí maternité."

"Nítorí kí ni? Kò sí ibi tó ń dùn mí."

"Mo ní kó o dìde!"

"Maman, mi ò lọ." Ó gbé máńgòrò sílẹ̀. "Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti wọ ibẹ̀ tí mo jáde lọ́wọ́ òfìfo. Bí ìrọbí bá dé, mo máa lọ. Ẹ má gbé mi lọ lásán."

Bàlíkíìsì ti padà sínú ọkọ̀. Ó yí kọ́kọ́rọ́. Kẹ̀, kẹ̀. Ẹ́ńjìnnì gbìyànjú, kò lè dìde. Ó fọwọ́ kan aago, ó sì yára fà á padà: ó gbóná bí ẹyin iná. Ẹnu irin méjèèjì ti lẹ̀ mọ́ra nínú rẹ̀. Aago tó ń kéde pé ọkọ̀ kò ní ṣiṣẹ́, òun gan-an ló ń mu bátìrì, kò sì ní dáwọ́ dúró títí yóò fi gbẹ ẹ́ kanlẹ̀. Bátìrì tó bá sì ti kú dé ibẹ̀, bí o ti ọkọ̀ náà dé Ouahigouya, kò ní ṣiṣẹ́.

Ó gbé sukudiráfà. Màmá di ọwọ́ rẹ̀ mú láti ojú fèrèsé.

"Má yọ ọ́. Jẹ́ ká tún gbọ́. Bóyá ọ̀rọ̀ ti yí padà, bóyá ó ti ké. Bàlíkíìsì, jẹ́ kí n jókòó sí i díẹ̀."

"Màmá mi, gbígbọ́ àti lílọ, bátìrì yìí kò lè ṣe méjèèjì."

Ọwọ́ Màmá dẹ̀. Ó fi í sílẹ̀ ní ìka kọ̀ọ̀kan.

Bàlíkíìsì kò rántí òfin kankan mọ́. Ó fi aṣọ wé ọwọ́, ó fa aago náà yọ tòun ti ìdè, tòun ti wáyà. Nígbà tó bọ́ sí i lọ́wọ́, láìsí iná, láìsí ohunkóhun tó so mọ́ ọn, ó ta lẹ́ẹ̀kan, kọ̀, bí gìgísẹ̀ ọmọ nínú oyún. Ó gbé e sílẹ̀ nídìí igi, ó sì fò lé moto rẹ̀.

Bátìrì tuntun kan wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Tampouy. Ó dì í mọ́ ẹ̀yìn moto, kò ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Gbogbo ọ̀nà ni kẹ̀kẹ́ kétékété, gbogbo ọ̀nà ni ewúrẹ́. Nígbà tó máa dé Dapoya, aago méjì ti kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàlélógún, Fawziyyah sì ti wà lórí eékún àti ọwọ́ nínú àgbàlá, omi ti ya lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Aago méjì ku ìṣẹ́jú méjì ló bẹ̀rẹ̀," Màmá wí. "Mo pe takisí. Wọ́n ní wọ́n ń bọ̀."

"Gbogbo takisí ló ń bọ̀, Màmá. Ẹ bá mi gbé ìdí bátìrì yìí."

Wọ́n gbé bátìrì sínú ọkọ̀. Ìdè bọ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ Bàlíkíìsì lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n gbé Fawziyyah sórí àga ẹ̀yìn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í mí bí ẹni tó ń ru ohun tó wúwo, Bàlíkíìsì sì mọ èémí náà. Ó di kọ́kọ́rọ́ mú. Ó yí i.

Kẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ẹ́ńjìnnì bú, èéfín dúdú sọ, ewúrẹ́ sá, Màmá sì kígbe, "Barka! Barka, Ọlọ́run!" bí ọmọ Mossi onílùú tó ń dúpẹ́.

Wọ́n ti wà lójú títì ńlá nígbà tí tẹlifóònù tó gbé sórí dáṣíbọ́ọ̀dù fi hàn pé ó di méjì kọjá ogójì ìṣẹ́jú. Bàlíkíìsì di sítíárì mú bí ẹni di okùn kànga. Ọkọ̀ ń lọ. Kò sẹ́ni tó sunkún. Ohun kan ṣoṣo tó ṣẹlẹ̀ ni pé Fawziyyah, tó ti ń pariwo láti ilé, dákẹ́ lójijì. Màmá yí sẹ́yìn, ẹ̀rù bà á. Ọmọbìnrin náà ti gbé orí sókè. Ó tẹjú mọ́ ihò tó wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù níbi tí aago ti wà, ó sì tẹ́tí.

"Kí ló dé?"

"Ẹ dákẹ́ ná," ó wí, ojú rẹ̀ sì rọ̀.

Agbẹ̀bí tó gbà á wọlé, Albertine lorúkọ rẹ̀, obìnrin gìrìwò kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. "Láti aago mélòó?"

"Méjì ku ìṣẹ́jú méjì!" Màmá dáhùn bí ọmọ ilé ìwé tó mọ iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn.

Bàlíkíìsì jókòó sínú ọkọ̀ ní ìta. Kò sí ohun tó kù fún un láti tú tàbí láti dè. Ó wo ihò náà, òkùnkùn inú rẹ̀, àwọn wáyà tó yọrí. Ó dẹ etí sí i. Kò gbọ́ nǹkan kan. Kò mọ ohun tó ń bọ̀, bí gbogbo èèyàn yòókù tó jókòó sábẹ́ igi nínú àgbàlá ilé ìgbẹ̀bí náà kò ṣe mọ̀. Ó jọ pé ó pẹ́ ju ọdún lọ. Ó gbọ́ tí Albertine pàṣẹ nǹkan kan, tó tún un pa, tó wá di pé kò sọ̀rọ̀ mọ́. Bàlíkíìsì gbé orí lé sítíárì.

Ẹkún kan la ògiri jáde. Ó tínrín, ó hún díẹ̀, ó dá, ó tún bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gbòòrò, ó ń bínú, kò sì fẹ́ dákẹ́ mọ́.

Ọkùnrin ni. Albertine ní ìwọ́ ti wé e lọ́rùn lẹ́ẹ̀mejì. "Ká ní ẹ fi ìṣẹ́jú díẹ̀ pẹ́ sí i," ó wí, kò sì parí ọ̀rọ̀ náà.

Nígbà tí agbẹ̀bí jẹ́ kí wọ́n wọlé, Màmá ti sunkún tán, ó sì ti rí ohun mìíràn tí yóò máa dà á láàmú. Ta ni yóò pe ìrun sí ọmọ náà létí? Idrissa kò sí nílé, tẹlifóònù rẹ̀ kò lọ. Bàbá àgbà ti kú. "Kò yẹ kó pẹ́ báyìí láì gbọ́ ọ. Bàlíkíìsì, fi ọkọ̀ lọ bá mi pe lèmọ́mù."

"Ẹ má pe ẹnì kankan," Fawziyyah wí. Ó gbé ọmọ náà dání, ó rẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ le. "Aago mélòó ló lù?"

Bàlíkíìsì wo tẹlifóònù. "Mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú méjìdínlógójì."

"Ó ku ìṣẹ́jú méjì, nígbà náà." Ó wo ìyá rẹ̀. "Maman, ẹ sọ ti aago náà fún mi nígbà tí à ń dúró de bátìrì. Nínú ọkọ̀, ní méjì kọjá ogójì, mo gbọ́ Papa. Ohùn wọn ti inú ihò yẹn wá. Wọ́n ń pe ìrun, wọn ò pariwo, bí ẹni tó fẹnu sún mọ́ nǹkan kékeré. Ìgbà yẹn ni ọkàn mi balẹ̀. A kì í pe ìrun sí òkú ọmọ létí."

Bàlíkíìsì ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ yọ aago náà. Ó mọ ibi tó gbé e sí. Kò sí nǹkan kan nínú ihò yẹn.

Màmá jókòó sẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, ó fa ìborùn rẹ̀ bo orí dáadáa, bí obìnrin tí ọkọ rẹ̀ fẹ́ wọlé pẹ̀lú àlejò.

Tẹlifóònù yí sí mẹ́ta kọjá ogójì.

Ọmọ náà, tó ti ń ké láti ìgbà tó dáyé, dákẹ́. Ó la ojú. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Díẹ̀díẹ̀, orí kékeré náà yí lórí apá ìyá rẹ̀, títí etí ọ̀tún rẹ̀ fi kọjú sókè, ó sì dúró bẹ́ẹ̀, kò mira, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀.

Albertine, tí kò mọ nǹkan kan nínú ọ̀rọ̀ wọn, dúró pẹ̀lú aṣọ ìnura lọ́wọ́. Ó rẹ ohùn sílẹ̀ láì mọ ìdí rẹ̀. "Ta ló ń bá a sọ̀rọ̀?"

Ètè Màmá ń mì. Ó ń dá ìpè lóhùn ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Ó pẹ́ tó bí ìpè ìrun kan ṣe ń pẹ́. Lẹ́yìn náà ètè rẹ̀ dúró. Ọmọ náà mí kanlẹ̀, ó yí orí sí apá kejì, ó sì gbé etí òsì sókè fún ìpè kejì.